Ṣé bákan náà ni unleash àti release?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ lẹ́tà sí oníbàárà wa kan pé "Kindly unleash the vehicle to our driver." Ọ̀gá mi fi bírò pupa gé unleash dànù, ó kọ release sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, "tú sílẹ̀" ni ìwé atúmọ̀ èdè orí fóònù mi pe àwọn méjèèjì. Kí ló burú nínú ohun tí mo kọ?

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín ló jàre. Fóònù yín ò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni.

Leash ni okùn tí wọ́n fi ń mú ajá lọ́rùn. Lead làwọn ará ìlú Ọba sábà máa ń pe okùn náà, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀-ìṣe tá à ń sọ yìí, unleash làwọn náà ń lò. Ẹ wo ajá ọdẹ tó ti gbóòórùn ẹran. Ó ń fa okùn, ó ń gbó, ó ń ta ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ olówó rẹ̀ nìkan ló dá a dúró. Tí ọwọ́ yẹn bá jù ú sílẹ̀, unleash nìyẹn. Ohun tó lágbára, tó sì ti ń jà láti lọ tẹ́lẹ̀, là ń lò ó fún. Mọ́tò yín ò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan. Ó dúró jẹ́ẹ́ sínú ọgbà oníbàárà, ìwé ló ń dúró dè. Owó oṣù, ẹrù tó wà ní èbúté, èsì ìdánwò, ẹlẹ́wọ̀n tó ti lo ọdún tiẹ̀ pé: release ni gbogbo wọn.

On tàbí upon ló sábà máa ń tẹ̀ lé unleash, tẹ́ni tí nǹkan náà máa bà bá wà níbẹ̀. Ní oṣù May 1963, ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọlọ́pàá dẹ ajá sáwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọ́de, ọmọ iléèwé sì pọ̀ nínú wọn. "The police unleashed dogs on the marchers" la máa kọ. "Dẹ ajá sí" tiwa yìí bá a mu ju "tú sílẹ̀" lọ fíìfíì. Bákan náà ni "He unleashed his anger on the apprentice": ìbínú tó ti ń hó nínú ọ̀gá, orí ọmọ iṣẹ́ ló dà á sí. Ìjì pàápàá lè unleash òjò lórí ìlú tó wà létí òkun.

Ẹ má sì kọ "The dog unleashed" kẹ́ ẹ wá dákẹ́ síbẹ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ tú u: "The dog was unleashed."

Ẹ ó bi mí nípa "Unleash your potential" tó kún ara pátákó ìsọjí àti ti àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́. Òyìnbó tó pé ni. Wọ́n ka ẹ̀bùn sí ohun tó ń jà láti jáde, ọ̀rọ̀ "on" ò sì sí níbẹ̀ torí pé a ò dẹ ẹ̀bùn sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ wọ́n ti lò ó gbó. Tó bá dé iwájú mi nínú iṣẹ́ tí mò ń yẹ̀ wò, mo máa ń yọ ọ́ ni.

Ní ti lẹ́tà yín, "Kindly release the vehicle to our driver" ti tó. Ọ̀rọ̀ "to" tẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ síbẹ̀ yẹn, release ló ni ín.