Ṣé àdírẹ́sì tó ní àmì ìbéèrè ló ń fa ìkànnì mi sẹ́yìn lórí Google?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìkànnì kan tí mo ti ń ta ìwé, PHP ni mo sì fi kọ ọ́. Bí àdírẹ́sì ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe rí nìyí: /iwe.php?id=245&eka=7&sid=9f3c. Ẹnì kan sọ fún mi pé Google kì í ka irú rẹ̀, pé àfi kí n sọ gbogbo rẹ̀ di èyí tó ṣeé kà lẹ́nu. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí ohun tó wà nílẹ̀ kò fi ní bàjẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ lẹni yẹn ń sọ. Nígbà kan, ẹ̀rọ ìṣàwárí máa ń sá fún àdírẹ́sì tó bá ní àmì ìbéèrè nínú. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2008 ni Google ti kéde pé àwọn ń kà á. Wọ́n tilẹ̀ ní ó sàn kéèyàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà ju kó tún un kọ lọ́nà tí kò péye lọ.

Torí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹwà àdírẹ́sì sílẹ̀ ná. Sid yẹn, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ ìbẹ̀wò àlejò, gan-an ni ìṣòro yín. Àlejò kọ̀ọ̀kan ló ń gba sid tirẹ̀, róbọ́ọ̀tì Google (ètò tó ń ka ìkànnì kiri) kì í sì í tọ́jú kúkì (àkọsílẹ̀ kékeré tí ìkànnì fi ń dá àlejò mọ̀), nítorí náà gbogbo ìgbà tó bá dé ni sáfà yín (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà) ń fún un ní sid tuntun. Ìwé kan ṣoṣo á wá ní àdírẹ́sì tí kò lóǹkà. Bí ìwé náà bá tún wà ní ẹ̀ka méjì, eka=7 àti eka=9 á sọ ọ́ di méjì sí i. Kódà id=245&eka=7 yàtọ̀ sí eka=7&id=245 lójú ẹ̀rọ. Róbọ́ọ̀tì á máa fi àkókò rẹ̀ ka ẹ̀dà lórí ẹ̀dà, ìwé tuntun yín á sì wà níbẹ̀ láìkà.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe nìyí: ẹ lọ sí php.ini (fáìlì ètò PHP), kí ẹ jẹ́ kí session.use_only_cookies wà ní 1, kí session.use_trans_sid sì wà ní 0. Bí ẹ bá rí ibi tí kóòdù yín ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ sid mọ́ líǹkì, ẹ yọ ọ́. Ẹ yọ eka náà tí kò bá yí ohunkóhun padà lójú ewé. Bó bá ti ku /iwe.php?id=245, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti parí.

Àtúnkọ àdírẹ́sì sí èyí tó ṣeé kà lẹ́nu wá kù. Mo fara mọ́ ọn, torí àwọn èèyàn ni: wọ́n á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ báyìí ni àǹfààní rẹ̀ fún ipò yín lórí Google. Bí Apache bá ni sáfà yín, tí mod_rewrite (apá rẹ̀ tó ń tún àdírẹ́sì kọ) sì wà níbẹ̀, ẹ kọ èyí sínú fáìlì ètò .htaccess:

RewriteEngine On
RewriteRule ^iwe/([0-9]+)/[a-z0-9-]+$ iwe.php?id=$1 [L,QSA]

Nípa bẹ́ẹ̀, /iwe/245/eko-isiro á ṣí ìwé 245. (Nginx, irú sáfà mìíràn, kì í ka .htaccess, inú fáìlì ètò tirẹ̀ lẹ ó ti ṣe é.) Ẹ má yọ nọ́ńbà náà, torí àkọlé lè yí padà, ìwé méjì sì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ má fi àmì ohùn sínú àdírẹ́sì. Google lè kà á, ṣùgbọ́n béèyàn bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, ì lè di %C3%AC, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà sì ń gbà kọ ẹ́ ju ẹyọ kan lọ, tí ìyẹn á tún bí àdírẹ́sì méjì.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: òfin òkè yẹn kò wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé nọ́ńbà. /iwe/245/ohunkohun náà á ṣí. Nítorí náà, kí iwe.php máa fi $_SERVER['REQUEST_URI'] wé àdírẹ́sì tó tọ́ nínú dátábéèsì, láìka ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè kún un. Bí wọn kò bá bára mu, kó fi 301 (ìdarí títí láé) darí àlejò síbi tó yẹ. Ìgbésẹ̀ kan náà yìí ló máa gbé àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun. Ẹ má lo 302, torí ìyípadà onígbà díẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì kó gbogbo wọn lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan lọ sí ààyè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdarí náà wà níbẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán.

Ẹ tún àwọn líǹkì inú ìkànnì àti sitemap (fáìlì tó ń to àdírẹ́sì inú ìkànnì fún ẹ̀rọ ìṣàwárí) kọ. Kí àdírẹ́sì CSS (fáìlì tó ń ṣètò ìrísí ojú ewé) àti àwòrán fi / bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní hàn mọ́. Fún ojú ewé tí wọ́n ń tò lóríṣiríṣi ọ̀nà, rel="canonical" (àmì tó ń sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú àwọn ẹ̀dà fún Google) ti tó. Ẹ má fi robots.txt (fáìlì tó ń sọ ibi tí róbọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ wọ̀) dínà mọ́ àdírẹ́sì àtijọ́, torí róbọ́ọ̀tì tí kò wọlé kò ní rí 301 tí ẹ fi síbẹ̀.

Kí ẹ tó sinmi, ẹ fi curl -IL (àṣẹ tó ń fi èsì sáfà hàn) yẹ àdírẹ́sì àtijọ́ bíi mélòó kan wò: 301 kan ṣoṣo ló yẹ kẹ́ ẹ rí, kí èyí tó kàn sì jẹ́ 200, ìyẹn ni pé ojú ewé ṣí dáadáa.