Naples lópin ọ̀sẹ̀: òkun ní Sátidé, Pompeii ní Àìkú

Ẹ ní ẹ̀yin àti ìyàwó yín fẹ́ kúrò ní London lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ rí àwókù ìlú àtijọ́ Pompeii, erékùṣù Capri àti etíkun Amalfi nítòsí Naples ní Ítálì, kí ẹ sì wọkọ̀ òfurufú padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń lé eku méjì ló ń pòfo; mẹ́ta ni ẹ̀yin ń lé. Ẹ jẹ́ kí Amalfi dúró de ìgbà mìíràn. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ẹ̀gbẹ́ òkè ló gbà, bọ́ọ̀sì SITA tó ń ti Sorrento lọ síbẹ̀ sì máa ń lò tó wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ tí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Nígbà ooru, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bọ́ọ̀sì tó bá sì ti kún láti Sorrento lè kọjá lára ẹni tó ń dúró ní Positano, lójú ọ̀nà. Naples ni kí ẹ sùn lóru méjèèjì. Ẹ fi Sátidé lọ sí òkun, kí ẹ fi Àìkú lọ sí Pompeii.

Afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kí òkun gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré, tí wọ́n ń pè ní aliscafo, ń gbéra ní èbúté Molo Beverello ní Naples, ó sì ń dé Capri ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Bí ìgbì bá ti ga, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá dúró. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò kì í tètè bẹ̀rù omi, ṣùgbọ́n ó ń lò tó ìṣẹ́jú 80, Calata Porta di Massa ló sì ti ń gbéra, kì í ṣe Beverello. Ẹ ka orúkọ èbúté lórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, nítorí ìrìn ẹsẹ̀ wà láàárín méjèèjì, ọkọ̀ kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ àbọ̀ lálẹ́ Sátidé, owó ibùsùn kan lẹ pàdánù. Bó bá jẹ́ Àìkú, ọkọ̀ òfurufú yín ti lọ nìyẹn.

Ní Capri, gbogbo ayé ló ń sáré lọ sí ihò Grotta Azzurra. Ẹnu ihò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ lókè omi, inú ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré lẹ ó sì dùbúlẹ̀ sí kí wọ́n tó lè tù yín wọlé. Ìgbì díẹ̀ ti tó láti mú kí wọ́n tì í. Ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ gun òkè Monte Solaro, tó ga ní mítà 589. Láti Anacapri, àga tí wáyà ń fà ni yóò gbé yín gòkè. Ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan ni àga náà, ẹ̀yin tó bá fẹ́ dìmọ́ra, ó di òkè.

Bí èrò bá tètè máa ń sú yín, erékùṣù Procida sàn ju Capri lọ, ìyẹn lójú tèmi. Láti Beverello, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni. Ilé àwọn apẹja ní Corricella, tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ láti etí omi gòkè, ni ohun tó tóbi jù tẹ́ ẹ ó rí. Ìyókù ọjọ́ jẹ́ ti oúnjẹ àti ìrìn gbẹ̀fẹ́. Bí òkun bá kọ̀ pátápátá ní Sátidé, àwókù ìlú àtijọ́ Ercolano ni kí ẹ lọ. Òkè oníná Vesuvius kan náà ló bo òun àti Pompeii lọ́dún 79 Sànmánì Kristẹni, ṣùgbọ́n ikú wọn yàtọ̀. Òkúta fífúyẹ́ ló kọ́kọ́ rọ̀ sórí Pompeii títí òrùlé fi wó. Eérú gbígbóná tó ń ṣàn ló bo Ercolano ní tirẹ̀, ó sọ igi di èédú láìjẹ́ kó jó tán, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn, igi àjà àti ibùsùn onígi fi ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wákàtí mẹ́ta tó o.

Ó ku Pompeii. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọn kì í gbà ju 20,000 èèyàn lọ lójúmọ́, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì bá ìwé ìdánimọ̀ yín mu. Ẹ rà á sílẹ̀. Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù jẹ́ ọ̀fẹ́, èrò á pọ̀ jù, nítorí náà ẹ sá fún un.

Ọkọ̀ ojú irin Circumvesuviana ni ẹ ó wọ̀, lábẹ́ ibùdó Napoli Centrale. Porta Nolana ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibùdó kan péré ṣáájú. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ níbẹ̀ ló ń rí àga jókòó. Èyí tó kọ Sorrento síwájú ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sọ̀ ní Pompei Scavi – Villa dei Misteri. Èyí tó ń gba Scafati lọ Poggiomarino yóò já yín sí Pompei Santuario, nínú ìlú tuntun, ẹ ó sì fẹsẹ̀ rìn. Ẹ gbé àpò síwájú àyà: ẹnu ilẹ̀kùn ni àwọn jàgùdà ń dúró sí, wọ́n á fa nǹkan yín yọ nígbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ tì.

Ẹ wà ní ẹnu ọ̀nà Porta Marina kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn tó ń tẹ̀ lé afinimọ̀nà máa ń dà sí gbàgede Forum lákọ̀ọ́kọ́; ẹ̀yin ẹ kọjá lọ tààrà sí Casa dei Vettii, tí wọ́n tún ṣí lóṣù kìíní ọdún 2023 lẹ́yìn àtúnṣe tó gba nǹkan bí ogún ọdún. Ilé yẹn kéré, tí èrò bá ti dé, ẹ̀yìn orí èèyàn lẹ ó máa wò dípò àwòrán ara ògiri. Bàtà tó nípọn ní àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Òkúta ojú títì ibẹ̀ tóbi, ó sì ń yọ̀. Ẹ gbé ìgò omi òfìfo, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀ tí ẹ ti lè pọn. Àpò tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 × 30 × 15 lọ kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí náà ẹ fi ẹrù ìrìnàjò sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ní Napoli Centrale. Lọ́sàn-án, bí ààyè bá wà, ẹ yà sí MANN, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Naples: ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn àwòrán tó dára jù nínú Pompeii lọ.

Sí pápákọ̀ òfurufú, bọ́ọ̀sì Alibus ń gbéra nítòsí Centrale. Bó bá jẹ́ takisí, ẹ béèrè iye owó tí ìjọba ìlú ti là sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Bí ẹ bá dé kí ẹ tó béèrè, mítà ló máa ka owó.

Ọ̀rọ̀ físà ń kọ́? Páásípọ́ọ̀tù ìlú Ọba kò nílò rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fi í fúnni lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, kó sì ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ ìpadà. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà nílò físà Schengen, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú ní London, tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìlú Ọba. 90 yúrò ni owó rẹ̀, ìwé ìdójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15, ṣùgbọ́n nígbà ooru àyè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń tán kíá. Bí ẹ bá fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn lọ sí Amalfi lọ́dún kan náà, èyí tí a fi ń wọlé lẹ́ẹ̀mélòó kan ni kí ẹ béèrè fún láti ìbẹ̀rẹ̀.