Bí Ọlọ́run Kò Bá San Án Padà Ńkọ́?

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa. O ní ìwọ lo ń tọ́jú sítọ̀ níbi iṣẹ́ yín, pé ọ̀gá fẹ́ kí o máa fọwọ́ sí ẹrù tí kò wọlé, o sì kọ̀. Páṣítọ̀ yín wá ní kí o fọkàn balẹ̀, pé kí ọdún tó yípo, Ọlọ́run á san ìlọ́po méjì ohun tí o pàdánù fún ọ. Ọdún ti ń lọ sópin báyìí, owó ilé ti pé, ìlọ́po méjì ò dé, èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ti ń tán lọ. O wá ń bèèrè bóyá ìgbàgbọ́ rẹ ni kò tó, àbí kí o kúkú bá wọn ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. O tún bèèrè nípa ìdámẹ́wàá. Màá dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń la títì tó sì ń kọ́lé. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ìwàásù.

Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ sítọ̀ rí lè rò pé olè jíjà máa ń wá pẹ̀lú ojú burúkú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tírélà símẹ́ǹtì tó gbé ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, 600 àpò ló wà lórí ẹ̀. Bí àwọn ọmọ tó ń já ẹrù bá ń rù ú kọjá níwájú rẹ, ìwọ á máa fa igi sínú ìwé, mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún á dábùú wọn. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹrù tán, ẹnì kan á fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn: "Bàbá sítọ̀, 560 ló máa sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ bá wa fi 600 sí i." Ogójì tó kù ti ní oníbàárà níwájú. Wọ́n á ti ra mínírà tútù fún ọ. Wọ́n á béèrè ara ọmọ rẹ tó ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á sì dárúkọ ọmọ náà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n sí mi. Ìyẹn ló le jù níbẹ̀, torí kì í ṣe owó nìkan lo máa kọ̀. Wàá pàdánù ìfẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, wàá sì di ẹni tí ìtàkurọ̀sọ ń dákẹ́ bó bá ti ń wọlé bọ̀. Dema tí Pọ́ọ̀lù ń ráhùn nípa rẹ̀ nínú Tímótì Kejì orí kẹrin, Bíbélì ò sọ pé ó pààyàn tàbí pé ó jalè. Ó fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí, ó fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì gba Tẹsalóníkà lọ, ó parí.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé iye tí mo bá kà ni mo ń kọ sórí wébìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Jésù Kékeré. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi kúrò ní sítọ̀ lọ sẹ́nu géètì, wọ́n ní ètò tuntun ni. Láti ẹnu géètì, ilé ló kù. Ẹnikẹ́ni ò bá mi jà. Ìwé tí wọ́n fi dá mi dúró tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi ń ta èlùbọ́, òun ló gbé ilé ró. Àwọn ọmọ kúrò ní iléèwé aládàáni lọ sí ti ìjọba. A kó kúrò nínú yàrá méjì àti pálọ̀ lọ sí yàrá kan, nínú ilé tí gbogbo wa ti jọ ń lo ilé ìdáná kan náà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, àbúrò ìyàwó mi sọ ọ́ sí mi lójú pé ìwà mímọ́ kì í ra ìrẹsì. Mo rẹ́rìn-ín, torí ojú àwọn àna wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdáhùn kankan fún un. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìfẹ́ ayé ló ń dà ọ́ láàmú nígbà tí o bá ń ronú owó ilé. Kí èèyàn fẹ́ kí ọmọ òun sùn sábẹ́ òrùlé, Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló fi ìyẹn sí wa lọ́kàn.

Ibi tí wọn kì í sọ tó bá di ìsìn ẹ̀rí ni mò ń bọ̀ yìí. Èmi náà retí ìlọ́po méjì. Wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún mi, mo sì ti ṣírò rẹ̀, mo ti mọ ohun tí màá kọ́kọ́ rà. Láwọn àárọ̀ tí mo bá ń wọ bọ́ọ̀sì ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn lọ wáṣẹ́, pátákó ìpàgọ́ ló ń kí mi lọ́tùn-ún lósì: ọdún yìí ni tìẹ, ìwọ ló kàn, ẹkún rẹ ti dópin. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń ṣe Àmín sí. Kò dé. Ọ̀dítọ̀ kankan ò wá yẹ ìwé wọn wò. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fọwọ́ sí 600 kọ́lé, ilé náà ò sì wó. Nínú ìjọ, ẹni tó kọ owó ẹ̀gúnjẹ tí Ọlọ́run sì fi mọ́tò rọ́pò rẹ̀ fún un la máa ń gbé máíkì fún. Ẹni tó kọ̀ tí ohunkóhun ò ṣẹlẹ̀, àga ẹ̀yìn ló wà, òun náà ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí 600 yẹn, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbé mọ́tò tuntun wá fún ìyàsímímọ́. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa jáde sínú ọgbà. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, páṣítọ̀ fi òróró kan ẹ́ńjìnnì, ó fi kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọlé ó fi kan sítíàrì. Náílọ̀n ṣì wà lórí àwọn àga rẹ̀. Àwọn ìyá ń kọrin, wọ́n ń jó yí i ká, ọmọ mi kékeré ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan iná iwájú. Mo mọ iye àpò símẹ́ǹtì tó wà nínú mọ́tò yẹn. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa na ọwọ́ sí i, mo na ọwọ́.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lẹ́yìn ọjọ́ náà kì í ṣe ojúkòkòrò mọ́, ó burú ju ojúkòkòrò lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo gbogbo ìjọ. Bí ẹnì kan bá ra bàtà, mo ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo ń gbàdúrà kí ọ̀dítọ̀ dé. Ká má parọ́, àdúrà tí mo gbà tọkàntọkàn jù lásìkò náà nìyẹn. Ayé tí mo lé ní ẹnu ọ̀nà sítọ̀ ti gba ojú fèrèsé wọlé. Mi ò lè jẹ́ olówó, ni mo bá fẹ́ jẹ́ ẹni tó dára ju olówó lọ, kí gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Àbúrò mi, ṣọ́ra fún ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó kọ rìbá ni ìdánwò náà máa ń dúró dè.

Asafu tó kọ Sáàmù 73 ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní ẹsẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, torí òun ń ṣe ìlara àwọn ẹni ibi tí nǹkan wọn ń gún régé. Ó tiẹ̀ ní lásán ni òun pa ọkàn òun mọ́ tí òun sì wẹ ọwọ́ òun. Láti kékeré, nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ni mo ti mọ Sáàmù yẹn. Àgbà ni mo tó kíyè sí bó ṣe parí. Asafu ò sọ pé òun rí nǹkan gbà. Ó ní ó dára fún òun láti sún mọ́ Ọlọ́run. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, kò sí owó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dáníẹ́lì orí kẹta ló tú mi sílẹ̀ gan-an. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọlọ́run yọ Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò nínú iná ìléru. Ẹsẹ 18 ni mi ò kà dáadáa rí. Wọ́n sọ fún ọba pé Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn, àmọ́ bí kò bá tiẹ̀ gbà wọ́n, àwọn ò ní forí balẹ̀ fún ère wúrà rẹ̀. Àwa ti mọ̀ pé wọ́n jáde, ìdí nìyẹn tí ìtàn náà fi dùn létí wa. Àwọn ò mọ̀. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó mọ ohun tí iná máa ṣe sí wọn. Mo wá fi ti ara mi wé e. Bí mo bá kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà torí kí Ọlọ́run lè fún mi ní igba, mi ò tíì kọ owó. Òwò ni mo lọ bá Ọlọ́run ṣe, ìdí sì nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí I bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

A ti sọ ìtàn Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, di ọjà bákan náà. Ọdún 1928, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún ìjọba òyìnbó lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ìpè dé, ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Bí a bá ti sọ ìyẹn tán, a máa ń fò lọ sí ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930, níbi tí èrò ti ń wọ́ tọ̀ ọ́. A kì í fẹ́ dúró níbi 1932, tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ìpè kan náà ló gbé e dé ibi ìsọjí àti inú ẹ̀wọ̀n. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó sàn ju ti ìjọba lọ ló ń wá, ọdún yẹn ni ì bá padà lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà fún un.

O lè ní kí ló wá kù fún mi. Mi ò ní sọ fún ọ pé mò ń sùn ju àwọn tó kó owó lọ. Ẹni tí onílé ń wá kì í sùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fọwọ́ sí i sọ fún mi nígbà kan pé òun ṣì ń gbàdúrà, àmọ́ bí òun bá dé ibi "fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí", ẹnu òun máa ń wúwo, torí òun ti fún ara òun ní ti ọdún mẹ́wàá. Àwa ń gba àdúrà kan náà nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn, gàrí alẹ́ wà nínú abọ́, ti ọ̀la ò sí. Àfi ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹnì kan wà tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ nípa Rẹ̀ ni. Mi ò lè gbé ìyẹn lọ sórí pẹpẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò sì lè fi san owó ilé, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n fi ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́tò yẹn, mi ò ní gbà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni mọ́tò náà sì ti tán lọ́kàn mi, ó kàn pẹ́ ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, mo lọ, mo bá wọn gbé àga.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tìẹ. Má fi ìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: wáṣẹ́ mìíràn nígbà tí èyí ṣì wà lọ́wọ́. Iye tí o bá kà ni kí o kọ, kí o sì fi fóònù ya wébìlì náà kí o tó dá a padà fún awakọ̀. Má wàásù fún wọn, kí wọn bí o ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀. Sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ, títí kan iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kó má baà jẹ́ ẹnu ará ìta ni yóò ti gbọ́. Lọ bá onílé kí ó tó wá bá ọ, mú ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ dání, kí o sì dá ọjọ́ tí o lè pé. Jìnnà sí lóònù orí fóònù, torí bí ọjọ́ bá lé, gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ ni wọ́n á fi ìwọ̀sí ránṣẹ́ sí. Má sì fi owó ilé gbin irúgbìn nínú ìjọ, ẹni yòówù kó ní kí o gbìn ín.

Ní ti ìdámẹ́wàá tí wọ́n ní àìsan rẹ̀ ló dá ìbùkún rẹ dúró, ohun tó wọlé ni wọ́n ń yọ ìdámẹ́wàá lára rẹ̀. Oṣù tí ohunkóhun ò bá wọlé, kí lo fẹ́ yọ? Má yáwó san án. Bí wọ́n bá bi ọ́, wí fún wọn pé owó ò wọlé lóṣù yìí, kí wọ́n bá ẹ wáṣẹ́. Nínú ìjọ tó tóbi tó yẹn, ó yẹ kí ẹnì kan nílò sítọ̀kípà tó ń ka ẹrù bó ṣe wà.