Bí Ìgbéyàwó Bá Túká, Ọ̀dọ̀ Ta Ni Ọmọ Yóò Máa Gbé? Agbẹjọ́rò Wa Dá Àwọn Òǹkàwé Lóhùn

Lẹ́tà tó wọlé lórí ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ pọ̀ lóṣù yìí, mo sì ti yan márùn-ún nínú wọn, nítorí ohun tí àwọn tó kọ wọ́n béèrè ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó wà nídìí gbogbo ìdáhùn mi: lójú òfin Nàìjíríà, ẹjọ́ tọkọtaya ọ̀tọ̀, ẹjọ́ ọmọ ọ̀tọ̀. Ẹni tó jàre nínú ti àkọ́kọ́ lè má jàre nínú èkejì.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ṣègbéyàwó. A ṣe ìdána nílé bàbá mi, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, níbi tí a ti fọwọ́ sí ìwé. Lóṣù tó kọjá, ó gbé ìwé kan dé láti kóòtù ìbílẹ̀, ó ní wọ́n ti tú wa ká, kí n kó ẹrù mi, kí n sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀, nítorí bàbá ló ni ọmọ. Ọmọbìnrin ọdún 6 ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ṣé lóòótọ́ ni n kò ní ẹ̀tọ́ kankan? — Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má sì tíì kó ẹrù kankan. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Bí ṣọ́ọ̀ṣì náà bá ní ìwé àṣẹ ìjọba láti so tọkọtaya pọ̀, tí ẹ sì ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ rẹ́jísírà kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ìgbéyàwó alárédè lẹ ṣe, ìdána tó ṣíwájú rẹ̀ kò sì dín in kù. Kóòtù ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Mápó tàbí ti ibòmíràn, kò lágbára láti tú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ká. Ilé ẹjọ́ gíga ni òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti ọdún 1970 gbé e lé lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ lẹ ṣì jẹ́, ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́ di àpọ́n. Bí ó bá lọ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú obìnrin mìíràn ní rẹ́jísìrì báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ló dá, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sì ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn là kalẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àdúrà ìbùkún lásán ni pásítọ̀ gbà fún yín, tí kò sí ọwọ́ rẹ́jísírà nínú rẹ̀, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ lẹ ṣe, kóòtù ìbílẹ̀ sì lè gbọ́ ọ. Ìbéèrè tó kù nígbà náà ni bóyá wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jíṣẹ́ fún yín kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè bẹ kóòtù náà kí ó da ìdájọ́ nù, tàbí kí ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ má fi falẹ̀, nítorí òfin ní iye ọjọ́ tó fi sílẹ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ pé bàbá ló ni ọmọ. Orúkọ bàbá, oríkì ìdílé àti ogún ìdílé, kò sí adájọ́ tó fẹ́ já wọn gbà lọ́wọ́ ọmọ yín. Ibi tí ọmọ yóò máa sùn, ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún un, tí yóò máa bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn. Ẹ̀ka 71 nínú òfin ọdún 1970 yẹn sọ pé ire ọmọ ni kóòtù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú ohun gbogbo. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ yanjú nínú ẹjọ́ Williams àti Williams ní ọdún 1987, ó sì tún sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze ní ọdún 1989, èyí tó jẹ́ ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀: bí àṣà bá tilẹ̀ fi ọmọ fún bàbá, ire ọmọ ló ń borí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ di òfin tiwọn, sọ ohun kan náà.

Báwo wá ni adájọ́ ṣe ń mọ ibi tí ire ọmọ wà? Nípa ìgbé ayé ọmọ lójoojúmọ́ ni. Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ kan tí adájọ́ bi bàbá kan, ọkùnrin tó lówó lọ́wọ́, ní kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà. Kò mọ̀ ọ́n. Adájọ́ tún bi í ní oògùn tí ọmọ náà kì í lò nítorí pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì yíjú wo lọ́yà rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò ní ju yàrá àti pálọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó kó káàdì ọsibítù, ìwé èsì ìdánwò àti ìwé owó ilé-ìwé dání, gbogbo rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yin náà, irú nǹkan wọ̀nyẹn ni kí ẹ máa kó jọ láti òní lọ. Ẹ fi ìtàn ohun tí ìyá ọkọ sọ sí yín lọ́dún kẹta ìgbéyàwó sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

N kò ní tàn yín: kò sí òfin tó ní kí ìyá máa gba ọmọ ní gbogbo ìgbà. Òótọ́ ni pé àwọn adájọ́ kì í fẹ́ já ọmọ ọdún 3 kúrò lára ìyá rẹ̀ láìnídìí pàtàkì, wọn kì í sì fẹ́ pín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń fi ọmọ sílẹ̀ ní òun nìkan di òru, tàbí tó ń nà án ní ìnàkúnà, ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ máa lọ.

Ìbéèrè: Agbẹjọ́rò, ìyàwó mi kó kúrò nílé lọ́dún tó kọjá, ó gbé ọmọkùnrin wa lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Èkó. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni tiwa. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ, wọ́n á ní ọmọ ń sùn. Mo ti dá owó ilé-ìwé rẹ̀ dúró, mo sì ń rò ó pé kí n lọ gbé ọmọ mi ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Kí ni ẹ rí sí i? — Bàbá Tó Ń Jìyà, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé yẹn. Ohun tó dun yín yé mi, ìwà tí wọ́n ń hù sí yín kò sì dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá já ọmọ gbà níṣojú olùkọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni yóò di olùjẹ́jọ́, ẹ̀rù náà yóò sì pẹ́ lára ọmọ.

Owó ilé-ìwé tí ẹ dá dúró ló tilẹ̀ burú jù nínú lẹ́tà yín. Rírí ọmọ kì í ṣe ọjà tí à ń fi owó oúnjẹ rà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí méjèèjì, bí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ tàbí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ náà kan owó tí ẹ̀yin ń san, ó sì kan bí ọmọ ṣe ń rí yín tí ìyá rẹ̀ ń dènà. Bí ẹ bá dé iwájú adájọ́, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà ìyàwó yín máa sọ ni pé láti ìgbà báyìí ni bàbá kò ti san kọ́bọ̀. Ẹ san án pa dà lọ́sẹ̀ yìí, tààrà sínú àkáǹtì ilé-ìwé, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ àti táàmù sí i, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ bá fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ojúbodè, kò sí ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba kóòtù lọ, kí ẹ béèrè fún àṣẹ láti máa rí ọmọ ní ọjọ́ àti wákàtí tí kóòtù máa kọ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù, ìdajì àkókò ìsinmi ilé-ìwé, àti ìpè lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pàtó. Ẹni tó bá rú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń tàpá sí kóòtù ni. Nínú ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ní kí bàbá máa san owó oúnjẹ lóṣooṣù nípasẹ̀ akọ̀wé kóòtù, kí ìyá sì lọ gbà á níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ fún “ó san” àti “kò san.”

Kí ẹ tó gba kóòtù lọ, ẹ lè gbìyànjú ibùdó ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Citizens' Mediation Centre, tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́; ẹ̀yin méjèèjì kò ní lè ṣe kẹ́ ẹ máà bára yín sọ̀rọ̀ rárá, nítorí ẹ máa jókòó pọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ yìí lọ́jọ́ kan.

Ìbéèrè: Mo fi ọkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sì bímọ fún ẹlòmíràn. Ìdílé ọkọ àkọ́kọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn òbí mi kò tíì dá owó orí pa dà, àwọn ló ni ọmọ náà. — Aláìnírètí, Oǹdó.

Ìdáhùn: Wọn kò ni í. Láti ọdún 1932 ni kóòtù ti dá irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ Edet àti Essien ní Calabar, níbi tí ọkùnrin kan ti fẹ́ gba ọmọ tí ẹlòmíràn bí, kìkì nítorí pé wọn kò dá owó orí rẹ̀ pa dà. Kóòtù ní àṣà bẹ́ẹ̀ lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn. Bí gbèsè owó orí bá wà, kí wọ́n béèrè owó. Ṣùgbọ́n bí kóòtù kò bá tíì tú ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ká, ẹ lọ parí ìyẹn kíákíá.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DNA fún ọmọ mi ọdún 9 ní bòókẹ́lẹ́ kí n tó kọ ìyàwó mi sílẹ̀, kí n má bàa máa tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni òfin wí? — Ẹni Ọkàn Rẹ̀ Kò Balẹ̀, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ọmọ tí obìnrin bí nígbà tó wà nílé ọkọ, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tí ìgbéyàwó túká tí kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ọkọ náà ni a ó kà á sí. Ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé fún kóòtù ní agbára láti pàṣẹ àyẹ̀wò DNA, nítorí náà ọ̀nà wà tó bófin mu, kóòtù ló sì wà.

Èrò tèmi nìyí, ẹ sì lè má gbà á: kí ẹ tó tọ ọ̀nà náà, ẹ ro ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú èsì rẹ̀. Ọdún 9 ni ọmọ yìí ti ń pè yín ní bàbá. Bí ó bá jẹ́ ìbínú sí ìyá rẹ̀ ló ń tì yín, ẹ má fi ọmọ san án, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ará àdúgbò.

Ìbéèrè: Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọkọ mi mú ọmọ wa ọdún 5 lọ kí ìyá tó bí ọkọ mi ní ilé, ní Nàìjíríà, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì dá pa dà lóun nìkan. Ó ní ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé níbẹ̀. — Ìyá Àdúnní, Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdáhùn: Ìyá Àdúnní, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pé oṣù kan sí i. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Hague ti ọdún 1980 lórí gbígbé ọmọ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, nítorí náà ọ̀nà kúkúrú tí à bá fi dá ọmọ pa dà kò sí fún yín. Ọ̀nà méjì ló kù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ yín ti pa dà síbẹ̀, ẹ lè bẹ ilé ẹjọ́ gíga ẹ̀ka ti ẹbí kí ó sọ ọmọ di ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú kóòtù, kí ó sì pàṣẹ fún bàbá láti dá a pa dà. Ẹni tó bá tàpá sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n. Ní Nàìjíríà, ẹ gba lọ́yà ní ìpínlẹ̀ tí ọmọ wà, kí ó gbé ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù yóò wúlò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n adájọ́ ilé yóò fúnra rẹ̀ wo ire ọmọ, bí ọmọ bá sì ti pẹ́ tó nílé ìyá àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa sọ pé ara rẹ̀ ti mọ́lé.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹ kò nílò kí ẹ fi ẹ̀bi kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ 20 ni láti ìgbà tí ìwé bá wọlé di àṣẹ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó kẹ́sẹ̀ járí. Ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ hàn sí kóòtù pé ìgbéyàwó ti dàrú kọjá àtúnṣe, ẹ kò sì lè gbé ẹjọ́ wá kí ìgbéyàwó tó pé ọdún 2 àfi tí kóòtù bá gbà yín láyè. Àṣẹ àkọ́kọ́ máa ń dúró fún oṣù 3 kí ó tó di àṣẹ ìkẹyìn. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, ìgbéyàwó kò ní í túká tán títí adájọ́ yóò fi gbà pé ètò tó yẹ ti wà fún ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi sọ pé kí àwọn òbí gbé ètò ọmọ kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ kóòtù.

Àwọn tó bèèrè owó lọ́yà: ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹ lè fẹnu ara yín sọ̀rọ̀ láìní lọ́yà. Fún ilé ẹjọ́ gíga, ẹni tí kò lówó lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council tó wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, tàbí Office of the Public Defender bó bá jẹ́ ará Èkó, tàbí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ìwé owó ilé-ìwé dání.