Iná tó kù nínú kapásítọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n níbí ní Ìjerò-Èkìtì. Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, mo tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ iná gbé mi gbàmù. Ọ̀gá mi ní kapásítọ̀, ẹ̀yà tó ń kó iná pamọ́, ni, ó ní kí n máa dúró díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Báwo ni iná ṣe ń wọ inú rẹ̀, báwo ló ṣe ń jáde, báwo sì ni “díẹ̀” yẹn ṣe pẹ́ tó?

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ọpẹ́ ni pé ó mọ bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́ fi èyí tí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan dánra wò. Wá bátìrì 9 volt, résísítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dín iná tó ń kọjá kù) 10k, ìyẹn 10,000 ohm, àti kapásítọ̀ 1000 µF, ìyẹn 0.001 farad, 16 volt. Fi résísítọ̀ sáàárín pọ́sítíìfù bátìrì àti ẹsẹ̀ kapásítọ̀ tó gùn. Ẹsẹ̀ kúkúrú, tí wọ́n fa ìlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kó lọ sí nẹ́gétíìfù. Má gbé e sódì o, irú kapásítọ̀ yìí máa ń wú, ó sì lè bẹ́.

Gbé mítà tó ń wọn volt lé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kí o máa wo aago. Ní sẹ́kọ́ńdì 10, á ti sún mọ́ 5.7 volt. Ní 20, 7.8. Ní 30, 8.6. Láti ibẹ̀ lọ, á kàn máa fà ni. Ní 50, ó wà ní nǹkan bí 8.9.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín volt bátìrì àti volt tó ti wà nínú kapásítọ̀ ló ń ti iná wọlé. Nígbà tí kapásítọ̀ ṣófo, odidi 9 volt ló ń tì í. Nígbà tó dé 5.7, 3.3 péré ló kù. Bí a ṣe ń fi họ́ọ̀sì fa omi láti dúrọ́ọ̀mù kan sí èkejì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú náà ni: ó ń tú yàà níbẹ̀rẹ̀, bí omi méjèèjì bá ti ń dọ́gba, á máa rọra.

Sẹ́kọ́ńdì 10 yẹn kò ṣàdédé wá. Fi résísítọ̀ sọ kapásítọ̀ di púpọ̀: 10,000 ohm ní ìlọ́po 0.001 farad, 10 ni. Ní àkókò yẹn, á ti gba 63 nínú 100. Ní ìlọ́po rẹ̀ márùn-ún, ó ti lé ní 99.

Wàyí o, yọ bátìrì. Volt náà á dúró síbẹ̀, nítorí ohun tí iná kì í gbà kọjá ló wà láàárín awẹ́ méjèèjì inú kapásítọ̀, kò sì sí ọ̀nà míì. Fi résísítọ̀ yẹn so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀: ní sẹ́kọ́ńdì 10, ó ku 3.3, ní 20, ó ku 1.2.

Ọ̀gá rẹ ò purọ́, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ “dúró díẹ̀” yẹn rárá. Iná 230 volt tí a bá yí sí DC, iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, lè kó nǹkan bí 325 volt sínú kapásítọ̀ ńlá yẹn. Ká ní 100 µF ni, tí résísítọ̀ 470k tó ń tú u sílẹ̀ sì wà lórí bọ́ọ̀dù, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí résísítọ̀ yẹn bá ti já ńkọ́? Iná lè wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Òkèṣà, Adó, kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé wọ́n fi mítà hàn mí.

Má fi sukurudíráfà kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ó máa ń ṣáná, ó sì lè ba kapásítọ̀ jẹ́. Wá résísítọ̀ 10k tó jẹ́ 10 watt, so wáyà tó ní rọ́bà mọ́ ọn, kí o fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì fún sẹ́kọ́ńdì 10, ọwọ́ kan ṣoṣo. Wọ̀n ọ́n. Dúró bí ìṣẹ́jú méjì kí o tún un wọ̀n, nítorí volt díẹ̀ máa ń padà wá. Bó bá gòkè, tún un tú. Bí kò bá gòkè, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.