Katíríìjì tó wọlé kọ́ ló bá ìbọn mu

Ìbéèrè: Baba, okun o. Àgbẹ̀ ni mí lọ́nà Ìsánlú, mo sì máa ń dẹ ọ̀yà lálẹ́. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń lò, ìwé rẹ̀ wà nílé. Katíríìjì ti wọ́n kọjá agbára mi báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Texas ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kún òfìfo ọta padà, tí ó ń yọ ọta kan nígbàkígbà tí a bá fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní kí n sọ irú díè, irin tí wọ́n ń lọ́ mọ́ orí ẹ̀rọ náà, tí òun máa rà mọ́ ọn. Èwo ló bá ìbọn nọ́ńbà 12 mu? Nǹkan kan tún kù. Ẹnìkan lọ́jà ta katíríìjì 12 tó gùn ju èyí tí mo mọ̀ lọ fún mi lówó pọ́ọ́kú. Mo dán an wò, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìbọn sì pa dé. Mo lérò pé kò sí ewu níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, okun. Kí o tó ka ìyókù, bí katíríìjì gígùn yẹn bá ṣì wà nínú ìbọn, lọ yọ ọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni kí n kọ́kọ́ yanjú, torí kò ní pẹ́. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó má rà á. Ní Texas tó wà, èèyàn lè jókòó sínú gáréèjì rẹ̀ kó máa kún ọta tirẹ̀, òfin wọn gbà á. Níhìn-ín, òfin ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọta tàbí kó tò ó pọ̀, àfi ní ilé ìkó-ohun-ìjà ìjọba àti ti ológun. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Bí o bá ń fẹ́ àlàyé tó ju èyí lọ, wá lọ́yà lọ sí Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àmọ́rà ni mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ìbọn ìjọba tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ti rí àgbẹ̀ tí irú nǹkan báyìí sọ di ará àtìmọ́lé ní àkókò tó yẹ kó máa kọ ebè.

Yàtọ̀ sí òfin, ẹ̀rọ yẹn kò mọ katíríìjì rẹ rí. Díè ni irin róbótó tí ihò wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ orí ẹ̀rọ. Òun ló ń fún òfìfo ọta padà sí ìwọ̀n rẹ̀, òmíràn nínú wọn ló sì ń ti ojú ọta wọ ẹnu òfìfo. Ọta onídẹ, ti ráífù àti ti ìbọn ìléwọ́, ni wọ́n ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù fún. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 7/8, tíréèdì rẹ̀, ìyẹn ìlà tí a fi ń lọ́ ọ mọ́ra, sì jẹ́ 14 nínú íńṣì kan. Íńṣì 7/8 yẹn kò ju 22.2 mm lọ. Etí ìdí katíríìjì 12 rẹ, ibi idẹ yẹn, tó 22.5 mm. Ìdí katíríìjì rẹ fẹ̀ ju gbogbo ara díè náà lọ! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kún katíríìjì ìbọn bíi tìrẹ jẹ́ ọ̀tọ̀, irin inú rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀tọ̀ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ń lò ó ní Amẹ́ríkà pàápàá máa ń ṣubú síbẹ̀. Nítorí pé tíréèdì díè ilé iṣẹ́ kan bá ti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn dọ́gba, wọ́n á lọ́ ọ mọ́ ọn, ó wọlé, wọ́n gbà pé ó ti parí. Lórí ẹ̀rọ tó ń yí fúnra rẹ̀, ẹnu díè gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ kí òfìfo tó ń bọ̀ má baà kọ lù ú. Awo tó di ìdí ọta mú sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irú ọta yẹn gan-an. Ilé iṣẹ́ Dillon tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Square Deal B, tí díè tó wọ́pọ̀ yìí kò lè wọ̀ rárá. Àfi èyí tí àwọn fúnra wọn ṣe fún un. Wíwọlé ni àwọn ènìyàn ń rí, tí wọ́n ń pè é ní bíbára mu. Ohun kan náà ni ìwọ ṣe pẹ̀lú katíríìjì yẹn, òun gan-an ló sì mú mi gbé bírò. Lọ́dún kan ṣoṣo, mi ò lè ka iye ẹni tó sọ gbólóhùn yìí fún mi lọ́nà Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú: “Baba, ó wọlé.”

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà ara katíríìjì ń sọ. 12 kì í ṣe ìwọ̀n gígùn. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí bọ́ọ̀lù 12 tó dọ́gba, bọ́ọ̀lù kan nínú wọn ló bá ojú ọ̀nà ìbọn 12 mu. Bí wọ́n bá pín in sí 20, bọ́ọ̀lù á kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí ìbọn 20 fi tín-ín-rín ju 12 lọ: ojú ọ̀nà 12 jẹ́ nǹkan bí 18.5 mm, ti 20 jẹ́ 15.6 mm. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí ó ṣe fẹ̀, kò sọ bí ó ṣe gùn. Gígùn ni nọ́ńbà kejì tó wà níwájú rẹ̀: 12/65, 12/70, 12/76. Bí íńṣì ni wọ́n bá kọ, 2½, 2¾ àti 3 nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀tàn wà rèé. Gígùn tí wọ́n kọ yẹn kì í ṣe gígùn katíríìjì bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ. Gígùn òfìfo rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí ó bá ti dún tí ẹnu rẹ̀ sì ti tú. O ti rí àpò kajú tí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ wọnú kí wọ́n tó rán an. Bí wọ́n bá tú ẹnu àpò yẹn, ṣé kò ní ga sí i? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹnu katíríìjì ṣe ká wọnú kí ọ̀rá, ìyẹn ìdí ike tó wà láàárín ẹ̀tù àti òjé, àti òjé inú rẹ̀ má baà dà. Katíríìjì 12/76 tí kò tíì dún lè má ju nǹkan bí 65 mm lọ. Bí o bá tì í bọ ìbọn tí yàrá ọta rẹ̀ jẹ́ 70, ó máa wọlé. Ìbọn á pa dé. Kò sí ohun tí ojú rẹ máa rí tàbí tí ọwọ́ rẹ máa mọ̀. Ó lè wọ èyí tí yàrá rẹ̀ jẹ́ 65 pàápàá.

Yàrá ọta ni mo pe ibi tó fẹ̀ díẹ̀ ní ìdí irin ìbọn, níbi tí katíríìjì ń sùn sí. Ní iwájú rẹ̀, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dín, bí ikùn àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì, kó tó dé ojú ọ̀nà gan-an. Bí katíríìjì bá bá yàrá mu, ẹnu rẹ̀ á tú sínú yàrá, òjé á gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ á tú sínú ikùn àrọ yẹn. Kò ní àyè láti tú tán. Òjé, ọ̀rá àti ooru ẹ̀tù tó ń gbóná janjan gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tó ti há, agbára inú rẹ̀ á sì ga sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Báwo ni agbára yẹn ṣe tó? Táyà ọkọ̀ kékeré ń gba afẹ́fẹ́ nǹkan bíi báà 2 sí 3. Òfin àwọn ará Yúróòpù lórí katíríìjì 12 lásán fàyè gba báà 740. Èyí tó lágbára jù, tí ọ̀pọ̀ 12/76 jẹ́ ara wọn, lè lọ dé 1,050, kìkì ìbọn tí wọ́n ti dán wò fún irú agbára bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún. Nítorí náà ewu méjì lo ra lọ́jà lówó pọ́ọ́kú: ẹ̀tù tó ju ti ìbọn rẹ lọ, àti ọ̀nà tó há mọ́ ọn lọ́fun. Irin tí bàbá rẹ rà láyé ọjọ́un, tí òjò àti ìpata ti ń bá ṣeré láti ìgbà náà, ni o fẹ́ kó gbà á.

Wàá gbọ́ ẹni tó máa sọ pé òun ti ń yìn ín, kò sì ṣe nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́. Ìbọn kì í sábà bẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Ó máa ń ta èjìká kọjá bó ṣe yẹ. Òfìfo á le láti yọ. Ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ sí méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹnu òfìfo á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹnu aṣọ tó gbó, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì ń rí i láìmọ ohun tó ń sọ. Ọdẹ kan láti apá Ìjùmú wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, aṣọ funfun wé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń gbé irin ìbọn lábẹ́, ibẹ̀ gan-an ni irin ti ya. Ìka méjì ti lọ. Ó kó àwọn òfìfo tó yìn ṣáájú ọjọ́ yẹn wá fún mi nínú àpò rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ya lẹ́nu. Wọ́n ti ń kìlọ̀ fún un fún bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó tà á fún un kò tọrọ gáfárà. Ohun tó sọ ni pé, ṣebí ó wọlé.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn tó pe ara wọn ní atúnbọnṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Àwọn kan ń fi irin gbẹ́ yàrá ọta kó lè gùn, wọn ò wo bí ara irin tó yí i ká ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i. Àwọn kan ń fi aṣọ tàbí rọ́bà wé katíríìjì 20 kó lè dúró nínú ìbọn 12. Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí 20 dé inú àpò tí o ń kó 12 sí rárá. Bí 20 bá bọ́ sínú ìbọn 12, ó máa yọ̀ kọjá yàrá, yóò há síwájú níbi tí o kò ti ní rí i. O máa rò pé o kò tíì ki nǹkan kan. Wàá ki 12 tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wàá yìn ín. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nítorí ewu yìí ni wọ́n fi ń pa katíríìjì 20 láwọ̀ ìyeyè. Bí o bá rí oníyeyè, bi ara rẹ ní ìbéèrè kó o tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti katíríìjì tí wọ́n kún padà, tí wọ́n ń tà níkọ̀kọ̀, má rà á. Ẹ̀tù tí àwọn bàbá wa ń rọ sínú ṣakabùlà àti ẹ̀tù inú katíríìjì kì í ṣe ohun kan náà, ife kan sí ife kan kò dọ́gba rárá. Bí kò bá ní ẹ̀tù tó, ó máa dún “pọ̀ọ́”, ọ̀rá á há sínú irin, èyí tó o bá yìn tẹ̀ lé e á sì bá a níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ìró ìbọn bá kéré jù, dúró. Ṣẹ́ ẹ, tú u sílẹ̀, wo inú irin láti ìdí títí dé ẹnu kí o tó ki òmíràn.

Bí o ṣe máa mọ èyí tó tọ́ nìyí. Rí i pé kò sí nǹkan nínú ìbọn, wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣẹ́ ẹ, yọ igi iwájú kúrò, yí irin náà síta, kí o ka ohun tó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Wàá rí 12-70, tàbí 2¾, tàbí 65, pẹ̀lú àwọn àmì kéékèèké tí ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò fi lù ú. Èyí tó wà ní Birmingham ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọdún 1813, ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ tí mo yẹ̀ wò lọ́nà tiwa sì ní àmì wọn lára. Bí o bá rí 12 àti lẹ́tà C nínú àmì bíi dáyámọ́ńdì, má ṣe rò pé 70 ni. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sábà jẹ́ 65. Katíríìjì tó kúrú ju yàrá lọ kò ní ṣe ọ́ ní jàǹbá. Èyí tó gùn jù ú lọ ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀.

Bí àmì kò bá hàn, tàbí bí irin náà bá ní àwòrán tó rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìlà inú pákó, má yìn ín títí àmọ́rà ọlọ́pàá ní Lọ́kọ́ja á fi wọ̀n ọ́n. Mi ò rí ìbọn rẹ, ohun tí mo kọ kò lè dípò ojú ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́.

Àti ìwé rẹ̀ tó o ní ó wà nílé: orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti bàbá rẹ, ìwé bàbá rẹ ni. Lọ ṣe tìrẹ kí o tó tún gbé ìbọn náà wọ oko, pàápàá lásìkò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà lálẹ́ yìí. Lọ́jọ́ yẹn náà, kó àwọn katíríìjì gígùn náà lọ fún ọlọ́pàá. Má jù wọ́n sínú iná, má rì wọ́n mọ́ oko. Lẹ́yìn náà, kọ gbogbo àmì tó wà lábẹ́ irin yẹn sínú ìwé, títí kan èyí tí kò yé ọ, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi.