352 ni, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó: ohun tójú mi rí nídìí 911 ológun

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ní ẹ ra 911, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes àwọn ológun, ní gbàǹjo, èyí tó jẹ́ fọ́ọ̀wíìlì (ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú àti tẹ̀yìn), ẹ fẹ́ máa fi kó gẹdú láti ọ̀nà Ìdànrè wá sí sọ́míìlì ní Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti nọ́kì, wọ́n sì ti bá yín rí ẹ́ńjìnnì kan lára Unimog U1300L, ọkọ̀ Mercedes ológun mìíràn tí wọ́n tú palẹ̀. Mẹkáníìkì yín wá ní ẹ́ńjìnnì 352 ni méjèèjì, kí ẹ ṣáà gbé e wọlé, ọjọ́ kan péré ni.

Mẹkáníìkì yín ò parọ́ o. OM352 ló wà nínú àwọn méjèèjì lóòótọ́, sìlíńdà 6, bíi lítà 5.7, agbára ẹṣin bíi 130, ihò písítìnì 97 mílímítà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún èmi náà, mo gbà á gbọ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni agbégilódò mi fi dúró sí ọ̀nà Òdà tí kò pa kọ́bọ̀, tí àwọn tó ń rẹ́ igi sì ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́.

Tèmi náà LA 911 ológun ni. Ẹ́ńjìnnì tí mo rà, ara 1113, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes aráàlú kan tí ṣáásì ẹ̀ ti ṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Àárọ̀ Sátidé la bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti jókòó síbẹ̀ rekete, bóòtì ẹ́ńjìnnì síìtì bá ihò mu, inú gbogbo wa dùn. Mo wolẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mo rí i pé àlàfo àárín ọ́ìlì páànù (abọ́ irin tó gba ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì) àti dífù iwájú (ilé gíà tó yọ gùdùgbẹ̀ lára áàsù) ò ju ìka méjì lọ, mo ní ó tó. Kò tó rárá. Ọkọ̀ òfìfo la fi wọ̀n ọ́n! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ ni owó mi lọ. 1113 aráàlú yẹn ò ní dífù níwájú, irin gbọọrọ lásán ni áàsù iwájú ẹ̀, páànù ẹ̀ lè jìn síbi tó bá wù ú. Ọkọ̀ ológun tiwa, dífù wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, tí ẹrù bá sì wọlé tí táyà bá kó sí kòtò, sípíríǹgì á wólẹ̀, dífù yẹn á gòkè wá pàdé páànù. Ọjọ́ kìíní tí a di gẹdú, kòtò ńlá àkọ́kọ́ tí a kó sí lọ́nà Ìdànrè, gbàà! Mo rò pé òkúta ni. Dẹ́rẹ́bà mi ló rí i pé gééjì ọ́ìlì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ dúró bi mí. Ọlọ́run ló ní kí n gba ọmọ yẹn síṣẹ́. Páànù ti là, ọ́ìlì ti dà sí títì bí omi, tó bá jẹ́ pé ó wà á dé abúlé tó kàn ni, à bá tún ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Nítorí náà Unimog tiyín ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí òun náà jẹ́ fọ́ọ̀wíìlì, torí òun náà jẹ́ ti ológun, páànù á bára mu. Áàsù Unimog gbé sókè ju àárín táyà lọ, gíà ló wà ní ẹ̀bá táyà kọ̀ọ̀kan tó gbé e ga bẹ́ẹ̀, áàsù yẹn ni wọ́n ṣe páànù ẹ̀ fún, wọn ò ṣe é fún 911. Ẹ tú páànù kúrò lára ẹ́ńjìnnì yín tó nọ́kì, òun ni kí ẹ dè mọ́ èyí tí ẹ máa gbé wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé páìpù tó ń fa ọ́ìlì nínú páànù o! Òun àti páànù ni wọ́n jọ ń lọ. Tí ẹ bá pààrọ̀ páànù tí ẹ fi páìpù ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ẹnu ẹ̀ lè má dé ibi tí ọ́ìlì jìn sí, lórí ilẹ̀ títẹ́jú ẹ ò ní mọ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dojú kọ òkè tòun ti gẹdú lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa mu. Ọ̀pá tí a fi ń yẹ ọ́ìlì wò náà, ti páànù yẹn ni kí ẹ lò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iye tó máa fi hàn yín ò ní jẹ́ òótọ́.

Fláwíìlì (àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì), ilé ẹ̀ àti kílọ́ọ̀ṣì, tiyín náà ni kí ẹ kó wá, torí gíáàbọ́ọ̀sì yín ló máa bá a ṣiṣẹ́, kì í ṣe ti Unimog. Bẹ́ríìnì kékeré tó wà ní ìdí kránkì tí ẹnu ọ̀pá gíáàbọ́ọ̀sì ń wọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó ti gíáàbọ́ọ̀sì wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bóòtì fà á wọlé tipátipá, tó bá ní òun ò wọlé, ó ní ìdí.

Ọ̀rọ̀ iná. Ọkọ̀ ológun mi, 24 volts ni. Sítátà tó bá ẹ́ńjìnnì 1113 yẹn wá, 12 ni, rẹ́wáyà ò wo ara ẹ̀, èmi náà ò wò ó, a tan kọ́kọ́rọ́, ó yí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí wọ́n ń lé, ni èéfín bá sọ. Unimog ológun yín ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 24 bíi tiyín, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára sítátà àti ọtáńétọ̀ fúnra yín, ẹ má bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún bèèrè nípa ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n fẹ́ fi lé e fún yín. 352A, bíi ẹṣin 168 nìyẹn, ó dáa, tó bá jẹ́ odidi ẹ̀ ni ẹ rí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí wọ́n yọ tọ́bò nìkan kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ 352 lásán. Inú wọn ò rí bákan náà: 352 lásán máa ń fún afẹ́fẹ́ ní 17 sí 1, èyí tó ní tọ́bò 16 sí 1, ó sì ní ẹnu kékeré tó ń fín ọ́ìlì sí abẹ́ písítìnì kó má baà gbóná jù. Mo ti rí èyí tí wọ́n lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tún ṣí dísù fún dáadáa, orí písítìnì méjì yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ẹni tó ni ín ń fi ọkọ̀ yẹn san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀ ni.

Ẹ má tíì ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn fún àwọn oníkọ̀ńdẹ̀mù o, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó, ó kéré tán kó pé oṣù mẹ́ta tí tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́la, tí mẹkáníìkì bá dé, kó wọn àlàfo tó wà láàárín ṣáásì àti rọ́bà tó ń dá sípíríǹgì iwájú dúró, torí ìwọ̀n tí áàsù ṣì lè fi gòkè nìyẹn, kó wá fi kún bí dífù ṣe ga tó báyìí, kẹ́ ẹ mú ìwọ̀n yẹn lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì Unimog wà. Ẹ sọ iye tí ẹ bá bá fún mi kẹ́ ẹ tó ka owó fún wọn.